Ẹ Káàárọ̀, Kòtò

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi nílé, mo sì ti ra ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jà òkìrìkà kí n tó kúrò. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé èèyàn lè rìn láti ilé dé ibi iṣẹ́, kí ó pàdé ọ̀pọ̀ èèyàn lójú ọ̀nà, kí ẹnì kan má sì kí i. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mò ń kí wọn. Obìnrin kan fa àpò rẹ̀ mọ́ àyà nígbà tí mo kí i káàárọ̀ ní èdè tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti dákẹ́. Èmi tí mo ti ṣe tíṣà pẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí àwọn ọmọ ń kí láti òdìkejì títì títí ẹnu á fi máa ro mí láti dáhùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wolẹ̀ rìn.

Níbi tí mo ti ń wolẹ̀ rìn ni mo ti rí kòtò kan lójú títì. Kò tóbi ju àwo ìbọwọ́ lọ. Ẹnì kan ti fi ọ̀dà funfun fa ìlà yí i ká. Mo bi ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá rí kòtò, yóò ya fọ́tò rẹ̀, yóò fi ránṣẹ́ sí wọn lórí fóònù, wọ́n á wá sàmì sí i, wọ́n á sì dí i. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà sú. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti dí i. Mo ya fọ́tò rẹ̀ nígbà tó ṣì là sílẹ̀, mo tún ya òmíràn nígbà tí wọ́n dí i tán, mo fi méjèèjì ránṣẹ́ sí ìyàwó mi nílé.

Síkírà lorúkọ rẹ̀. Tíṣà ni òun náà, nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lọ́nà Ìjàgun. Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti tọ́ mi, ilé kéú ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ìdílé akọ̀wé ni tiwa, ìdílé oníṣòwò ni tiwọn. Àwọn èèyàn rò pé a ó máa jà lórí ẹ̀sìn. Orí ata ọbẹ̀ nìkan la ti máa ń jà. Nígbà tó rí fọ́tò náà, ó pè mí, ó ń rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí n kò kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ń sọ.

"Bàbá Fọlákẹ́, kòtò tí kò lè gba adìyẹ yìí ni wọ́n fi ọ̀dà yí ká bẹ́ẹ̀ yẹn?"

Mo ní òun náà ni.

"Ẹ ní wọn kì í kí èèyàn níbẹ̀. Kòtò ni wọ́n ń kí."

Kòtò tiwa wà lójú ọ̀nà tó ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Àgbàrá ló gbẹ́ ẹ, ọdọọdún ló sì ń fẹ̀ sí i. Nígbà tí mo fi máa kúrò nílé, ó ti jẹ ìdajì títì, wọ́n sì ti ri ẹ̀ka igi kan mọ́ etí rẹ̀ tí wọ́n so àkísà pupa mọ́. Ìyẹn ni iṣẹ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ ṣe síbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a sọ̀rọ̀ náà, Síkírà ní kí ọlọ́kadà dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ya fọ́tò kòtò náà, ó gbé e sójú òpó rẹ̀ lórí ayélujára, ó fi orúkọ alága ìjọba ìbílẹ̀ sí i, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ káàárọ̀, kòtò wa. Ẹ má bínú pé a kò tíì yà kí yín láti ọdún tó kọjá. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Àwọn ọmọ yín kéékèèké tó wà lọ́nà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ńkọ́?"

Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ tí iṣẹ́ bá wà. Ẹni tó bá mọ Síkírà mọ̀ pé inú ló ń bí i. Tí inú bá ń bí i gan-an, ìwà ọmọlúàbí rẹ̀ ló máa ń pọ̀ sí i.

Àwọn díẹ̀ rẹ́rìn-ín, àwọn díẹ̀ kọjá lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ fúnra wọn ló wá sọ ọ́ di ńlá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń bójú tó òpó alága. Kò dá mi lójú pé ó wo fọ́tò náà rárá. Ó rí i pé àgbà obìnrin kan kí ọ̀gá òun pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì ṣe ohun tí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé máa ń ṣe. Ó dáhùn pé: "Ẹ káàárọ̀ mà. A sùn dáadáa, a dúpẹ́. Ara wa le. Ẹ bá wa kí ilé."

Kí ọ̀sán tó pọ́n, gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde ló ti gbọ́ pé kòtò ti dáhùn. Wọ́n yára pa ìdáhùn náà rẹ́, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti gbé e pa mọ́ sínú fóònù wọn. Wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn pé kòtò ní ara òun le, kòtò ní kí a bá òun kí ilé. Aláwàdà kan bi wọ́n lábẹ́ rẹ̀ pé ṣé kòtò náà ti jẹun.

Láti ọjọ́ náà ni oníkálukú ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì kúnlẹ̀ sétí kòtò tó wà níwájú ilé rẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì kí tiwọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n ní àwọn kò lè yàn án lódì torí oníbàárà ló ń bá àwọn kó wá. Ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, bàbá àgbẹ̀ kan gbé àga lọ fún kòtò, ó ní àgbà kì í dúró. Fọlákẹ́ ọmọ wa tó ń kàwé nígbà náà àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó gbogbo fọ́tò náà jọ, wọ́n tò wọ́n sórí àwòrán ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kan lórí ayélujára, tí ó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá ṣí i, àmì funfun ni yóò rí káàkiri bí ẹni tí ìgbóná mú. Mo kọ́ àwọn ọmọ nípa àwòrán ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. N kò rí èyí tó sọ òótọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní Sátidé kan, wọ́n fi fóònù pe ara wọn jọ sí ẹnu géètì ìjọba ìbílẹ̀. Kò sí ariwo, kò sí táyà tí wọ́n sun. Àwọn obìnrin kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, wọ́n kí ilé náà káàárọ̀, wọ́n dìde, wọ́n gbọn eruku nù, wọ́n padà sílé. Gbogbo wọn ló gbé fóònù sókè. Àwọn ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ kò mọ ẹni tí wọn ó nà, torí ta ni yóò na ẹni tó ń kí àgbà? Mo rí ọ̀kan nínú wọn nínú fídíò tó gbàgbé ara rẹ̀, tó dáhùn.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fún wọn lóúnjẹ, mò ń yí wọn padà lórí ibùsùn kí ẹ̀yìn wọn má bàa bó. Ní àkókò ìsinmi ní Sátidé náà, mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń wo ìlú mi nínú fóònù. Bàbá arúgbó kan tó wà lábẹ́ ìtọ́jú mi, tó ti wa ọkọ̀ ojú irin nígbà ayé rẹ̀, bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo fi hàn án. Ó ní kí n kọ́ òun ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ yẹn. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ahọ́n rẹ̀ tó gbà á, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, bí mo bá ti wọlé, yóò gbórí sókè, yóò ní, "Ẹ káàárọ̀." Òun nìkan ni ó ń kí mi ní gbogbo ìlú náà. Mo ka ìyẹn sí ìṣẹ́gun, mo sọ fún Síkírà. Ó ní kí n sọ fún un pé wọ́n ń kí i ní Ìjẹ̀bú.

Àwọn mìíràn kò rẹ́rìn-ín. Àwọn tí kò ní orúkọ, tí kò ní ojú, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò Síkírà pé àwọn alátakò ló ń rán an, pé ọkọ rẹ̀ wà lókè òkun tó ń fi ọgbọ́n Òyìnbó bọ́ ọ, pé kí ó lọ kọ́ ọmọ ìwé ní ABD. Mo ní kí ó má dá wọn lóhùn. Ó ní òun ń kí àwọn náà káàárọ̀.

Òjò ọdún náà wá pọ̀. Fọ́tò tó gbé síta gbẹ̀yìn jẹ́ ti omi lásán. Omi ti bo kòtò náà pa pátápátá, orí ẹ̀ka igi náà nìkan ló yọ. Ó kọ ọ́ pé: "Ẹ káàárọ̀. Mo rí i pé ẹ ti da aṣọ bora lónìí." Ọlọ́kadà tó gbé e sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bi í: ìyáàfin ti ya fọ́tò tán, wọ́n ti padà gun ọ̀kadà, àwọn ń fẹ́sọ̀ gba etí ibẹ̀ lọ nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀ níwájú. Àwọn yà fún un. Etí kòtò náà já lábẹ́ wọn. Ọlọ́kadà fi ẹsẹ̀ ṣẹ́. Síkírà kò jáde.

Àwọn èèyàn rẹ̀ kì í jẹ́ kí òkú sùn nílé. Fọlákẹ́ pè mí ní àárọ̀. Kí n tó rí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́. Kí n tó dé yàrá mi, wọ́n ti kí ìrun sí i lára. Mo jókòó sórí ibùsùn mi, tòun ti bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀, mo wo bí wọ́n ṣe ń sin aya mi nínú fóònù. Láàárín kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dúró, àwòrán náà gan pa: ṣọ́bìrì kan lókè, iyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó padà dé, wọ́n ti ń ṣe àdúà.

Nígbà tí mo padà síbi iṣẹ́, bàbá arúgbó gbórí sókè, ó ní, "Ẹ káàárọ̀." Kò mọ nǹkan kan. Mo dá a lóhùn. Nílẹ̀ wa, èèyàn kì í kí ni kí a má dáhùn. Lẹ́yìn náà mo wọ yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ ibùsùn sí, mo ti ilẹ̀kùn.

Gbogbo ayé ló sunkún Síkírà. Àwọn tí kò mọ ojú rẹ̀ gbé fọ́tò rẹ̀ sójú òpó wọn, wọ́n sọ ọ́ di dúdú, wọ́n ya ọkàn tó fọ́ sí i. Ẹnì kan fi orin sí i. Ẹnì kan tí kò lórúkọ kọ ọ́ pé kòtò ti gba àlejò rẹ̀ wọlé. Èmi kà á. Ọmọ mi náà kà á. Nígbà tó ṣe díẹ̀, agbábọ́ọ̀lù kan kọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀, gbogbo wọn sì ṣí lọ síbẹ̀ tòun ti ọkàn fífọ́ wọn.

Mo ti rò ó títí. Ayélujára lè pe èèyàn jọ kíákíá ju bí agogo ilé ẹ̀kọ́ ṣe ń ṣe lọ. Kò lè mú wọn dúró pẹ́. Àwọn tó kù lẹ́yìn tí ariwo lọ tán ni ó ni ọ̀rọ̀ náà. Fọlákẹ́ kù. Nọ́ọ̀sì náà kù. Àwọn mẹkáníìkì kù. Fóònù Síkírà ti bá omi lọ, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí òpó náà, ó sì ń gbé fọ́tò kòtò síbẹ̀ ní gbogbo àárọ̀. Òun ló ń ya fọ́tò, èmi ló ń kọ ìkíni. Mo máa ń kọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́, láàárín àwọn tí kì í kí mi.

Nígbà náà ni Alhaji Lásísì pè mí. Ẹ̀gbọ́n Síkírà ni, òun ni olórí ilé wọn. Ó ń ta sìmẹ́ńtì àti páànù nínú ṣọ́ọ̀bù tí bàbá wọn kọ́. Gbogbo wọn ló ń pè mí ní Tíṣà.

"Tíṣà, gbọ́ mi dópin kó o tó fèsì."

Ó ní alága ti wá kí àwọn. Alága ní àwọn yóò dí kòtò náà, àwọn yóò sì fi orúkọ Síkírà pe ọ̀nà náà. Nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí ọkọ olóògbé bá aráyé sọ̀rọ̀ lójú òpó alága, kí ó sọ pé kádàrá ni, pé ìdílé kò bá ẹnikẹ́ni jà, kí àwọn ọ̀dọ́ sinmi. Mo bi í pé ta ló kọ ọ̀rọ̀ náà. Ó sọ fún mi pé wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára ṣọ́ọ̀bù òun, àmì ilé tí wọn ó wó. Wọ́n ní ó yọ sójú títì. Láti ayé bàbá wọn ni ó ti wà níbẹ̀, òun àti títì kò sì jà rí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin náà gbà pé kádàrá ni?"

"Mùsùlùmí ni mí. Kò sí ohun tí kì í ṣe kádàrá."

"Kòtò náà ńkọ́, sà?"

Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ga. "Tíṣà, ẹnu rẹ gùn torí ọ̀nà rẹ jìn. Tó o bá bú wọn tán, wàá gbé tíì kaná. Iwájú ṣọ́ọ̀bù tèmi ni wọ́n máa gbé katakata wá."

Òótọ́ ni. Kò sí ọlọ́pàá Ìjẹ̀bú-Òde tó lè kan ilẹ̀kùn mi. Láti ọjọ́ náà, mò ń bi ara mi pé ìlú ta ni mò ń bínú lé lórí. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí òjò ń rọ̀, ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ omi? Ibi tí mo wà, mò ń san owó orí, wọ́n ń dí kòtò fún mi, kò sì sí ẹni tó mọ orúkọ mi. Ibi tí wọ́n ti mọ orúkọ mi, kòtò ni wọ́n fi pa aya mi. Bí n kò bá ní ẹ̀tọ́ láti bínú sí Ìjẹ̀bú, kí ni mo wá ní níbẹ̀? Ibojì kan tí n kò tíì rí.

Mo ní mo gbà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ó lọ sáfẹ́fẹ́ ní tààràtà, kí àwọn èèyàn lè mọ̀ pé n kò ka ọ̀rọ̀ kankan sórí. Inú wọn dùn sí i.

Ní ọjọ́ náà, gbogbo ẹbí kún páálọ̀ Alhaji. Àwọn ọmọ iṣẹ́ alága gbé fóònù kan kọ́ fún mi láti máa wo ibẹ̀, wọ́n sì gbé ojú mi sórí tẹlifíṣàn. Alága jókòó sórí àga ńlá, àwòrán Síkírà wà lára ògiri lókè orí rẹ̀. Mo dé fìlà. Mo kí gbogbo wọn bó ṣe yẹ, láti orí Alhaji títí dórí ọmọ tó ń pín omi. Mo ní n kò bá Ọlọ́run jà. Mo ní Ọlọ́run ló ni ikú, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló gbẹ́ kòtò, òun kọ́ ló sì ní kí wọ́n má dí i. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń wúkọ́. Mò ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ kí ọkàn mi má bàa yẹ̀.

"Alága, abẹ́ àwòrán ìyàwó mi lẹ jókòó sí. Gbogbo àárọ̀ ló kí yín títí tó fi kú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ dáhùn, àṣìṣe sì ni. Mi ò fẹ́ orúkọ títì. Ẹ dá a lóhùn."

N kò fi nǹkan kan kún un. Alága la ẹnu, ó pa á dé, ó fi áńkáṣíìfù nu ojú. Ó wo Alhaji. Alhaji ń wo ilẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú páálọ̀ náà, gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú sì ń wo bí wọn kò ṣe sọ̀rọ̀, títí ẹnì kan fi fa wáyà yọ. Àwọn ọmọ gbé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn pa mọ́ bí wọ́n ṣe gbé ìdáhùn ti àkọ́kọ́ pa mọ́. Ó rìn jìnnà ju ohunkóhun tí mo kọ rí lọ.

Wọ́n gbé katakata wá ní ọjọ́ Ajé kan. Fọlákẹ́ ló sọ fún mi. Wọ́n wó iwájú ṣọ́ọ̀bù náà, òrùlé ìta àti ògiri kan, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ bí ìkìlọ̀. Mo pe Alhaji, kò gbé e. Mo kọ̀wé sí i: "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n." Kò dáhùn. Mo tún kí i ní ọjọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ ni mò ń kí i ní gbogbo àárọ̀, lẹ́yìn tí mo bá ti kí kòtò. Ìkíni tèmi ń wọlé, mò ń rí i pé ó ń kà á. Kò fèsì. Ó sì yé mi nígbà náà bí ó ṣe ń rí lára Síkírà.

Òjò tún ti rọ̀ lọ, ó tún ti dé. Mò ń wọ aṣọ iṣẹ́ ní àárọ̀ kan nígbà tí fóònù mi dún. Fọ́tò kan ni. Alhaji Lásísì, tí orúnkún ń dùn ún, tó jẹ́ pé orí àga ni ó ti ń kírun báyìí, dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ògiri tí wọ́n wó kù, nínú agbádá funfun. Àyà rẹ̀ kan iyẹ̀pẹ̀. Ìdajì àmì pupa náà ṣì wà lára ògiri lókè orí rẹ̀, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Káàárọ̀, Tíṣà. Bá mi gbé e síbi tí Síkírà máa ń gbé tirẹ̀ sí."

Mo gbé e síbẹ̀. Mo kọ ìkíni sí i, mo fi orúkọ alága sí i, mo wọ bàtà, mo sì jáde. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, wọn kò tíì dáhùn.